Ẹ ka èdè àwọn ọmọ kí ẹ tó ka máàkì wọn

Ṣàgámù ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí Sábó. Ó ti di ọdún 31 tí mo ti ń mú ṣọ́ọ̀kì, mo sì ti fi 9 nínú rẹ̀ ṣe hẹ́dímítírẹ́sì. Bí ẹ bá dúró lẹ́nu géètì wa ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀, ẹ ó gbọ́ "Ẹ káàárọ̀ mà", ẹ ó gbọ́ "Ina kwana", ẹ ó gbọ́ "Ụtụtụ ọma", ẹ ó sì gbọ́ àwọn ọmọ Ègùn méjì-mẹ́ta tí wọ́n ń fi èdè tiwọn pe ara wọn. Kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìlú tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde àti Bìní, tí gbànja ti ń ti ibẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Haúsá láti ayé àwọn bàbá wa, èdè kan kò lè tó o.

Àwọn tíṣà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sọ́dọ̀ wa máa ń béèrè pé báwo la ṣe ń to iṣẹ́ fún àwọn ọmọ tí èdè wọn kò pa pọ̀. Ohun tí mo máa ń jókòó sọ fún wọn ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró: ohun tí ọmọ mọ̀ lọ́tọ̀, èdè tó lè fi sọ ọ́ lọ́tọ̀. Ilé-ìwé tó bá da méjèèjì pọ̀ á máa pe ọmọ ọlọ́gbọ́n ní olódo. Mo mọ̀, nítorí mo ti ṣe é rí.

Ọmọ kíláàsì kejì kan ni. Àwọn òbí rẹ̀ ń ta obì ní Sábó. Sáà méjì gbáko ni mo fi kọ́ ọ, kò dáhùn ìbéèrè kan. Ìṣirò, òdo. Mo kọ ọ́ sínú ìwé èsì rẹ̀ pé iṣẹ́ kò yé e, kó tún kíláàsì náà kà. Ní Sátidé kan, mo lọ ra obì ìdána àbúrò mi, mo bá ọmọ yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ka gbànja ní márùn-ún márùn-ún, ó ń fi etí hìjáábù rẹ̀ nu èyí tó bá dọ̀tí, ó ń kó 40 sí òkìtì kọ̀ọ̀kan. Òkìtì méje ló kó. Ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ yíjú, ó kàn bi í pé mélòó ni gbogbo rẹ̀. Ọmọ náà kò tún un kà. Ó ní, "Ɗari biyu da tamanin." Oníbàárà tó dúró tì mí ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi: igba ó lé ọgọ́rin. Ìsọdipúpọ̀ tí mo fún un ní òdo lé lórí lọ́sẹ̀ tó ṣáájú kò le tó ìdajì ìyẹn. N kò lè sùn lóru ọjọ́ náà. Nígbà tó di Mọ́ńdè, mo lọ bá ọ̀gá mi pé kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n jẹ́ kí n tún ìwé èsì ọmọ náà kọ.

Nítorí náà, kíka èdè, ìyẹn mímọ iye èdè tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní, ló ṣáájú ohun gbogbo. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹsàn-án la fi ń ṣe é. Ẹ má bi òbí pé èdè wo lọmọ ń sọ. Ọ̀pọ̀ wọn á ní Gẹ̀ẹ́sì ni, wọ́n rò pé ohun tí ilé-ìwé fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Ọmọ gan-an ni kí ẹ bi. Ta ló jí ẹ láàárọ̀ yìí, kí ló sọ? Nígbà tí o ṣubú, kí lo fi ké? Ta lò ń bá ṣeré lẹ́yìn ilé yín, báwo lẹ ṣe máa ń pe ara yín? Nígbà ìsinmi, kí tíṣà lọ dúró nídìí igi máńgòrò, kó gbọ́ èdè tí ọmọ fi ń jà. Èyí tó bá fi jà, òun ló dé ikùn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà mẹ́ta sínú rẹ́jísítà: èdè tó ń gbọ́, èdè tó lè sọ, èdè tó lè kà. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, torí kí ẹ tó wọlé padà ní oṣù kìíní, ó ti yí padà. Ẹ má wo orúkọ. A ní ọmọ tó ń jẹ́ Chinedu tí kò gbọ́ ju "wá jẹun" lọ ní Ìgbò, a sì ní ọmọ Yorùbá tí aládùúgbò ìyá rẹ̀ ní Sábó bá wọn tọ́, tó jẹ́ pé Haúsá ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu jù.

Ẹ ka ẹnu ilé wa náà, ìyẹn ẹ̀ka èdè Rẹ́mọ, mọ́ ọn. Ibí lọ̀pọ̀ tíṣà ti ń ṣì í ṣe. Ìlú 13 ló kóra jọ tẹ Ṣàgámù dó ní 1872, àwọn àgbà ibẹ̀ kò sì fi Yorùbá inú ìwé tọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí ìyá àgbà rẹ̀ tọ́ ní Ìpẹru tàbí Òde Rẹ́mọ, kíláàsì kìíní ló ti kọ́kọ́ ń pàdé Yorùbá tíṣà. Lẹ́nu àwọn àgbà wa, ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe "ẹ̀yin" àti èyí tí a fi ń pe "àwọn" máa ń jẹ́ ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ìwé yà wọ́n. Ọmọ á ka "ẹ lọ sóko", á ka "wọ́n lọ sóko", kò ní mọ ìdí tí wọ́n fi jẹ́ méjì. Tíṣà á fi báírò pupa fà á. Àwa kì í fi pupa fà á mọ́. Páálí ńlá kan wà lára ògiri kíláàsì kọ̀ọ̀kan: ọ̀rọ̀ ilé lápá òsì, ọ̀rọ̀ ìwé lápá ọ̀tún. Àwọn ọmọ ló ń mú ọ̀rọ̀ ilé wá látẹnu ìyá àgbà wọn, ẹni tó bá sì mú èyí tí tíṣà kò mọ̀ wá, òun ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀.

Ètò ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe tiwa láti yí. NERDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́, ló ń kọ ọ́. Ohun tó kù sọ́wọ́ ilé-ìwé ni bí a ó ṣe mú un dé etí ọmọ, àti èyí tó máa ṣáájú. Láti 1977 ni ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí ti ní kí a fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò bẹ̀rẹ̀ fún ọmọ, kí Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e. Ní 2022 wọ́n ní kó gùn dé ọdún mẹ́fà. Nígbà tó di oṣù kọkànlá 2025, mínísítà kéde pé wọ́n ti fagi lé ìyẹn, ká padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó dùn mí gan-an. Ìgbà tí mo ń ka NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́, ní Ìjagun ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Mọdákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, tíṣà tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yanjú sì ń wá kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣíwájú ẹgbẹ́ wọn nínú àwọn iṣẹ́ yòókù. Ẹni tó bá ti ka ìyẹn kò ní lè dákẹ́.

Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba ni wá. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé tí wọ́n fún wa, òun la fi ń kọ nóòtì ẹ̀kọ́. Àlàyé ni mo ń sọ. Kò sí àṣẹ tó lè mú kí àlàyé yé ọmọ ní èdè tí kò gbọ́. Ní kíláàsì kìíní sí ìkẹta, Yorùbá la fi ń ṣàlàyé, torí òun lọmọ Haúsá àti ọmọ Ìgbò náà ń gbọ́ lọ́jà àti lójú títì. Kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó parí, ọmọ kíláàsì náà tó gbọ́ méjèèjì á tún kókó rẹ̀ sọ ní Haúsá, òmíràn á sọ ọ́ ní Ìgbò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kì í kún un. Gẹ̀ẹ́sì ní ìṣẹ́jú 40 tirẹ̀ lójoojúmọ́, ẹnu nìkan sì ni ní sáà kìíní: orin, ìkíni, "dìde", "jókòó", "gbé e wá". A kì í fún ọmọ ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kà tí kò tíì lè sọ.

Sáà kẹta kíláàsì kẹta ni afárá. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a ń mú ọ̀rọ̀ mẹ́wàá nínú ìwé ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì kíláàsì kẹrin. A ó gbé nǹkan gidi síwájú wọn, a ó dárúkọ rẹ̀ ní Yorùbá, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ní èdè ilé rẹ̀ á sọ ọ́, lẹ́yìn náà ni Gẹ̀ẹ́sì. Láti kíláàsì kẹrin, Gẹ̀ẹ́sì gba iwájú, nítorí òun ni wọ́n máa fi ṣe Common Entrance NECO, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ sẹ́kọ́ńdírì ìjọba àpapọ̀, ní kíláàsì kẹfà. Ilé-ìwé tó bá fo afárá yìí, kíláàsì kẹrin ni á ti máa wá àwọn ọmọ rẹ̀ tì.

Ìwé kíkà ni mo fẹ́ràn jù, torí ibẹ̀ lèdè ti ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ọmọ Ìgbò tó bá rí "p" nínú "àpò" á pè é bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kọ "akpa" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun náà ni wọ́n ń pe àpò nílé wọn. Ìró kan náà ni, Ìgbò fi lẹ́tà méjì kọ ọ́, Yorùbá fi ọ̀kan. Kò ní ṣì í mọ́. Ọmọ Haúsá kò ní "gb" nínú èdè rẹ̀. Ẹ fún un ní dígí kékeré, kó pa ètè dé, kó sé ọ̀nà ọ̀fun lẹ́ẹ̀kan náà, kó wá tú méjèèjì pọ̀. Ọmọ Yorùbá náà ní tirẹ̀, "z" Gẹ̀ẹ́sì máa ń di "s" lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ Haúsá tó ní "z" látilé ni kí ẹ ní kó wá kọ́ wọn, kí ẹ wo bí orí rẹ̀ ṣe máa wú.

Àmì ohùn ńkọ́? Wọ́n ní ó le. Ẹ kọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sí pátákó, kí ẹ pe ọmọ Ìgbò kan kó wá ka tirẹ̀ sábẹ́ wọn: ákwá ni ẹkún, àkwá ni ẹyin, ákwà ni aṣọ, àkwà ni ibùsùn. Ẹ ní kí gbogbo kíláàsì pa ẹnu dé kí wọ́n fi imú kùn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Haúsá náà ní ohùn òkè àti ìsàlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé wọn kì í fi àmì sí i. Kò sí ọmọ kan níbẹ̀ tí ohùn ṣàjèjì sí. Àmì tí a fi ń kọ ọ́ nìkan ni tuntun.

Òǹkà náà bẹ́ẹ̀. Àwọn tíṣà ọ̀dọ́ máa ń sá fún òǹkà Yorùbá, wọ́n ní yíyọ inú rẹ̀ ń da ọmọ láàmú. Èmi kò gbà. 18 ni méjìdínlógún, 20 tí a yọ 2 nínú rẹ̀. Ọmọ Haúsá ti gbọ́ irú rẹ̀ nílé: "ashirin biyu babu", 20 tí 2 kò sí níbẹ̀. Ọmọ Ìgbò ní "iri na asatọ", 10 àti 8. Ẹ kó ọmọ ayò 18 sílẹ̀, kí wọ́n tò ó lọ́nà méjèèjì. Àròpọ̀ àti ìyọkúrò ti wọlé lọ́jọ́ kan náà. Bí wọ́n bá ti dé 45, tí wọ́n sọ pé márùndínláàádọ́ta, ẹ bi wọ́n pé márùn-ún wo ló dín nínú kí ni. Ọmọ tó bá dáhùn ìyẹn kò há a sórí.

Ìdánwò wá kù, òun ló sì mú mi kọ̀wé yìí. Máàkì wa, 40 ni ti iṣẹ́ àárín sáà, 60 ni ti ìdánwò ìparí. Inú 40 yẹn ni àyè wà. A pín in sí mẹ́rin, mẹ́wàá mẹ́wàá: ohun tọ́mọ fẹnu sọ, ohun tó fọwọ́ ṣe, ohun tó kọ, àti ìwé iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó bá fi ọmọ ayò yanjú ìṣirò, tó sì sọ ìdáhùn ní Haúsá, máàkì rẹ̀ pé. Àwọn kan ń bá mi jiyàn pé ìyẹn ń kẹ́ ọmọ bà jẹ́. Mo máa ń bi wọ́n pé, ìṣirò lẹ fẹ́ wọ̀n ni àbí èdè? Bó bá ṣe èdè ni, iṣẹ́ èdè wà nínú táìmù tébù, ẹ wọ̀n ọ́n níbẹ̀, kí ẹ má ṣàánú.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìdáhùn kan hàn yín. Ìbéèrè sáyẹ́ǹsì kíláàsì kẹta ni: dárúkọ ẹran méjì tó ń yé ẹyin. Ọmọ kan fi Haúsá kọ "kaza" àti "agwagwa". Adìyẹ àti pẹ́pẹ́yẹ ni. Tíṣà rẹ̀ ti fa X sí i kó tó gbé e wá bá mi. Nínú sáyẹ́ǹsì, 2 nínú 2 ni. Bó bá jẹ́ pé nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ló ti kọ ọ́ ni, òdo ni, kò sì sí ìjà níbẹ̀. Nítorí èyí ni ìwé èsì wa fi ní ìlà méjì fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láti kíláàsì kìíní dé ìkẹrin: "ohun tó mọ̀" àti "èdè tó fi sọ ọ́". Òbí á rí i pé ọmọ òun mọ sáyẹ́ǹsì, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ló kù.

Ẹni tó máa túmọ̀ ìbéèrè gba ìṣọ́ra. Ọmọ kíláàsì kẹfà la máa ń mú, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ẹni tó ń ṣe ìdánwò. Ìbéèrè nìkan ló ń túmọ̀, ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ wo ìdáhùn. A ti ṣe é láìṣọ́ra rí, ọmọ mẹ́rin gba máàkì kan náà ní ìdáhùn kan náà, àtèyí tó tọ̀nà àtèyí tó ṣìnà.

Ìwé kíkà ní ìdánwò tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún. Ọmọ kan pẹ̀lú tíṣà kan, níta, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ má gbọ́. Ẹ fún un ní àyọkà kékeré tó tó ọ̀rọ̀ 60, kí ó kà á fún ìṣẹ́jú kan gééré. Ẹ ka iye ọ̀rọ̀ tó pè bó ṣe yẹ, lẹ́yìn náà ẹ bi í ní ìbéèrè márùn-ún. Kó dáhùn ní èdè tó bá wù ú. Ẹ tún òmíràn ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó sáré ka Gẹ̀ẹ́sì já tí kò lè sọ ohun tó kà, ìtumọ̀ ló ń wá, ẹ yé fi lẹ́tà dà á láàmú. Ọmọ tí kò lè kà á, ṣùgbọ́n tí ẹ kà á sí i létí tó dáhùn gbogbo rẹ̀, lẹ́tà ló ń wá, orí rẹ̀ pé. Èyí tí kò ṣe méjèèjì ní èdè kankan, ẹ kọ́kọ́ yẹ etí àti ojú rẹ̀ wò. Ẹ fi máàkì ọmọ wé ti ara rẹ̀ ní sáà tó kọjá, ẹ má fi wé ti ẹnikẹ́ni.

Lọ́dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni kì í tún kíláàsì kà títí a ó fi fi èdè ilé rẹ̀ dán an wò, tí ènìyàn méjì sì jókòó tì í. Ọmọ Sábó tí mo sọ ló fi òfin yẹn lélẹ̀, bí òun fúnra rẹ̀ kò tiẹ̀ mọ̀.

Ní ti eré àti ìgbòkègbodò, èyí tó ṣiṣẹ́ jù ni mo máa sọ. Ní Furaidé, lẹ́yìn ìsinmi, òbí kan máa ń wá pa àlọ́ ní èdè rẹ̀. Bí ó bá ṣe ìyá Yorùbá ni, "Ààlọ́ o!", àwọn ọmọ á gbà á, "Ààlọ̀!" Bó bá ṣe ti Haúsá, "Ga ta nan, ga ta nan ku", gbogbo ilé-ìwé ti mọ̀ ọ́n gbà: "Ta zo mu ji ta." Ìjàpá wa ni Ìgbò ń pè ní Mbe, aláǹtakùn tí wọ́n ń pè ní Gizo ló wà nípò rẹ̀ lọ́dọ̀ Haúsá. Ní Mọ́ńdè, kíláàsì karùn-ún á kọ àlọ́ náà ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ kan bi mí lọ́jọ́ kan pé bí Ìjàpá àti Gizo bá pàdé lọ́jà Sábó, ta ló máa rẹ́ ta jẹ. Mo ní kí wọ́n lọ kọ ọ́. Àwọn ìwé 26 tó wọlé, n kò tíì rí irú rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń ṣe tíṣà.

Lẹ́yìn Iléyá, bí a bá ti wọlé, ẹni tó bá lọ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde á ròyìn fún àwọn tí kò lọ, wọ́n á ya àwọn ẹlẹ́ṣin àti regbérégbé, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán ní èdè méjì. Bí páálí "ẹ má sọ èdè ìbílẹ̀" bá ṣì wà lára ògiri ilé-ìwé yín, ẹ yọ ọ́ lónìí. Ìpàdé òbí náà, ẹ má fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan ṣe é. Àwa a máa ránṣẹ́ sí Séríkí, olórí àwọn Haúsá ní Sábó, kí wọ́n yan ẹnìkan tó máa bá wa túmọ̀, láti ọdún tí a sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá Sábó ti ń jókòó síwájú, wọ́n ń béèrè ìbéèrè.

Rẹ́jísítà kíláàsì kìíní ti ọdún yìí ló wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ọmọ 38 ni wọ́n. Yorùbá 19, Haúsá 11, Ìgbò 5, Ègùn 2. Ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì ṣófo níwájú orúkọ ẹnìkan. Kò tíì la ẹnu láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un wá. Mo ti ní kí tíṣà rẹ̀ jẹ́ kó máa bá wa lu agogo, kí ó má sì dárúkọ rẹ̀ fún ìbéèrè kankan, títí ìlà yẹn yóò fi kún.